Pínnì Inú Etí Kóòtù

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ yàrá kékeré tí Ìbídùnní ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ara rẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́, síta. Fóònù, síta. Bẹ́líìtì onírin, yẹtí, aago ọwọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sínú abọ́ oníke kan tó gbé sórí àga níwájú ilẹ̀kùn. Ọ̀gá àgbà ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ wá wo ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ńṣe ló fi ọwọ́ di ṣòkòtò mú ní ìbàdí títí ó fi jáde, nítorí pé Ìbídùnní kì í wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó gba bẹ́líìtì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Kọ́sítọ́ọ̀mù. Kò bá wọn jà.

Ohun tó ń ṣọ́ lójú méjèèjì báyìí kò ju àlùbọ́sà lọ. Àpótí onípákó méjì ló wà nínú yàrá náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí wọ́n fi wáyà bàbà wé yípo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ògúnníyì káfíńtà, tí orúkọ rẹ̀ ti ìdí irin wá, ló ṣe àpótí méjèèjì láìlo ìṣó kan ṣoṣo. Gọ́ọ̀mù àti èèkàn igi ló fi so wọ́n pọ̀. Nígbà tó gbé wọn dé, ó mi orí. "Àǹtí," ó ní, "látìgbà tí wọ́n ti bí mi sí ulé bàbá mi, mi ò tí ì ṣe iṣẹ́ tí Ògún ò ní rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀." Àmọ́ ó ṣe é dáadáa, ó sì fi èèkàn kan kún un lára àpótí ọ̀tún, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè rí ibi fi aṣọ kọ́. Èèkàn náà ń bọ̀ wá di ọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí, òòfà ńlá ni. Síbẹ̀, agbára rẹ̀ kò tó nǹkan níbi tí a dúró sí. Kò lè gbé abẹ́rẹ́ kan nílẹ̀, àfi kó rọra yí ojú kọ́ńpáàsì sí àríwá. Ohun tí Ìbídùnní ń béèrè ni pé, ṣé ohun ẹlẹ́mìí mọ̀ pé agbára kékeré yìí wà? Kì í ṣe ẹyẹ tó ń fò kọjá òkun nìkan o. Sẹ́ẹ̀lì lásán ńkọ́, èyí tí ojú kò lè rí? Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn èròjà wà tí wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn láìsinmi, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé òòfà tó fẹ́lẹ́ pàápàá lè ti pàṣípààrọ̀ náà síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Nítorí náà, nínú àpótí ọ̀tún, iná díẹ̀ tó ń gba inú wáyà kọjá ló ń pa agbára òòfà ilẹ̀ rẹ́, tí àlùbọ́sà ibẹ̀ fi ń gbé níbi tí òòfà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Nínú àpótí òsì, wáyà wà, iná kò sí. Àlùbọ́sà ibẹ̀ ń gbé inú ayé bíi tiwa. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Ìbídùnní á gé ṣóńṣó gbòǹgbò wọn, á rẹ ẹ́ sínú aró, á wá fi maikirosíkóòpù ka iye sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ara rẹ̀ sí méjì nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù kẹfà, ó ka mẹ́rinlélọ́gọ́rin nínú ti òsì, ó ka mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ti ọ̀tún. Ó dìde, ó mu omi, ó padà wá tún un kà. Bákan náà ni. Ní oṣù keje, ó tún ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún rí bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò láyìíká òun, ó sì dẹ ọwọ́ iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, orin ìjọ ni Ìbídùnní ń kọ kiri ọgbà yunifásítì.

Ìgbà tó di oṣù kẹjọ, ìyàtọ̀ náà pòórá. Oṣù kẹsàn-án, kò tún sí: mẹ́tàlélọ́gọ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rinlélọ́gọ́rin lósì. Ó yẹ ilẹ̀ wò, ó yẹ àjà wò. Ó ní kí wọ́n tú fáànù òkè yàrá kúrò. Ó bẹ àwọn ará yàrá kejì, wọ́n gbé fíríìjì wọn lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láràárọ̀ ló ń fi ẹ̀rọ wọn agbára inú àpótí ọ̀tún, ẹ̀rọ náà sì ń sọ fún un pé kò séwu.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèníyì, tó ń tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sọ́nà, pè é wọ ọ́fíìsì. Ẹni tí kì í pariwo ni, ìyẹn gan-an ló sì ń mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo.

"Ìbídùnní, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́, oríire là ń pè é. A kì í pè é ní ìmọ̀. Mo fún ọ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí i, kí oṣù kẹwàá tó parí. Tí kò bá yọjú, a ó pa á tì, wàá wá bá mi ka kòkòrò inú omi kànga."

Ìyẹn ni pé kó tún iṣẹ́ mìíràn mú láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú oyún tí yóò di ọmọ ní oṣù kìíní ọdún. Àmọ́ kì í ṣe ọdún tí yóò ṣòfò ló ń dùn ún jù. Ojú rẹ̀ ló fi rí nǹkan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ojú òun purọ́ fún òun.

Joy, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń bá a lẹ nọ́ńbà mọ́ àwọn gíláàsì tí wọ́n tẹ́ gbòǹgbò lé kó má baà mọ èyí tó ti ọ̀tún wá nígbà tó bá ń kà á, gbà á nímọ̀ràn. "Kọ méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí o gbàgbé méjì ìkẹyìn. Ta ló máa mọ̀?"

"Àlùbọ́sà máa mọ̀," Ìbídùnní dá a lóhùn.

Kóòtù funfun tó ń wọ̀ ṣiṣẹ́ ló gbé e dé Oǹdó. Oyún ti di oṣù mẹ́fà, bọ́tìnnì kò bá ihò pàdé mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo Òkè Lísà mọ̀ sí Ìyá Gbémiga, aránṣọ ni láti ìgbà èwe, ó sì ti kìlọ̀ lórí fóònù pé aránṣọ Àkúrẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aṣọ ìyàwó òun. Nígbà tó di Sátidé, Ìbídùnní kúrò nílé wọn ní Ọ̀bà-Ilé, ó wọ mọ́tò, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní Ọ̀wẹnà, ọ̀rọ̀ àpótí ọ̀tún ló sì ń rò lọ títí mọ́tò fi kọjá Bọ́lọ́rundúró.

Ìyá Gbémiga kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń tètè gbàgbé. Nígbà tí Gbémiga kọ́kọ́ mú Ìbídùnní wálé, tó ní òòfà ni ìyàwó òun ń kọ́ ní yunifásítì, ìyá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Èwo nínú òòfà?" ó béèrè. "Èyí tí wọ́n fi ń fa oníbàárà, àbí èyí tí wọ́n fi ń fa ọkọ ọlọ́kọ?" Ìbídùnní ṣàlàyé títí ó fi làágùn. Ìgbà tó ṣe, ìyá na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó fa irin dúdú róbótó kan yọ, èyí tó tú láti inú sípíkà rédíò àtijọ́, tí abẹ́rẹ́ àti pínnì lẹ̀ mọ́ lára bámúbámú. Òun ló fi ń ṣa abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́ sílẹ̀. "Ṣé irú eléyìí ni?" Ìbídùnní ní òun gan-an ni. Látọjọ́ yẹn ni ìyá ti ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ìyá ní ìjọ Áńgílíkà wọn pé iṣẹ́ kan náà lòun àti ìyàwó òun jọ ń ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé yìí, ó gba kóòtù, ó yí inú rẹ̀ síta, ó mú abẹ-féfé. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ìka rẹ̀ lọ tààrà sí ibì kan ní etí ìsàlẹ̀ kóòtù, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ po ní ìlọ́po méjì. Ó fa pínnì kékeré kan jáde níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń há nápí ìkókó, ó sì jù ú sí òòfà. Ó dún tó, ó lẹ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀pà tí Ìbídùnní ń bó dúró sí i lọ́wọ́.

"Màmá, níbo lẹ ti rí pínnì yẹn?"

"Níbi tí mo fi í sí ni."

"Ìgbà wo lẹ fi í síbẹ̀, mà?"

"Ìgbà tí mo wá kí yín ní Ọ̀bà-Ilé. Oṣù kẹjọ ni, ọjọ́ tí mo bá ọ lọ aṣọ."

Oṣù kẹjọ. Ìbídùnní mú pínnì náà kúrò lára òòfà, ó ṣí kọ́ńpáàsì orí fóònù rẹ̀, ó rọra gbé e sún mọ́ ọn. Ojú kọ́ńpáàsì yí, ó tẹ̀ lé pínnì síhìn-ín, ó tún tẹ̀ lé e sọ́hùn-ún. Irin tó ti gbé ara òòfà ìyá fún ọdún gbọọrọ ti di òòfà kékeré fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Láràárọ̀ tó bá ń fi ẹ̀rọ wọn agbára inú àpótí, ọrùn rẹ̀ ni kóòtù máa ń wà, ó sì máa ń dúró jìnnà kó má baà ṣí ẹ̀rọ lọ́nà. Ìrọ̀lẹ́ tó bá ń lọ sílé ló máa ń bọ́ ọ, á fi kọ́ èèkàn Ògúnníyì, etí kóòtù á sinmi lé wáyà bàbà títí di ọjọ́ kejì. Ó ti gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbé irin wọlé lójoojúmọ́. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Inú bí i, kò sí irọ́ níbẹ̀.

"Màmá, iṣẹ́ oṣù méjì lẹ bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ irú ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu òun. Ìyá gbé abẹ-féfé sílẹ̀. Kò gbójú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Lọ́dún tó kọjá, ìwọ àti Gbémiga wá síbí wá sin Bàbá Ọlọ́runfúnmi. Ọ̀sán gangan lo rìn láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé. O ò há pínnì mọ́ aṣọ, o ò mú òkúta dání, bẹ́ẹ̀ aboyún ni ọ́. Mo rí ọ. Mi ò sọ̀rọ̀, torí pé ọ̀mọ̀wé ni ọ́, mi ò fẹ́ kí o fi mí rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹrin ẹ̀ lẹ pè mí láti ilé ìwòsàn." Ó fi ọwọ́ nu tábìlì tí kò ní ìdọ̀tí kankan. "Ti èyí, mo ní mi ò ní dákẹ́. Mo mọ̀ pé o ò ní há a tí mo bá fún ọ, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi fi í pamọ́ sínú aṣọ tó o máa ń wọ̀ jù. Ọma mi, mi ò lè dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Dókítà ti ṣàlàyé fún Ìbídùnní nígbà tí oyún ọ̀hún bàjẹ́ pé kì í ṣe oòrùn, kì í ṣe ìrìn, pé kò sí ohun tó ṣe tí kò yẹ kó ṣe. Ó gbà á gbọ́. Síbẹ̀, ó ti ń gbé ọ̀sán ọjọ́ náà kiri láti ọdún kan, kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ń bá òun gbé e. Ìbínú tó wà nínú rẹ̀ tú dànù. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀ ńlá, ó di ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Ẹ má bínú sí mi, mà."

"Dìde, dìde. Ta ló ní kí o kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù?"

Ó dìde, ó jókòó, ó wá ṣàlàyé ohun gbogbo: àpótí méjèèjì, òòfà ilẹ̀ tí wọ́n pa rẹ́, àti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó kù kí oṣù tó parí. Ìyá gbọ́ ọ dópin. Ó ní òun gbọ́, àmọ́ pínnì kò ní kúrò lára aboyún òun títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ìbídùnní ní kí àwọn fi í sílé nígbà iṣẹ́. Ìyá ní níbo ni oyún ń wà nígbà iṣẹ́, ṣé ilé lòun náà ń dúró sí? Obìnrin yìí a máa ka Bíbélì ní ìdájí, a sì máa há pínnì mọ́ aboyún lọ́sàn-án, kò sì rí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Ọ̀rọ̀ di fà á kí n fà á.

Ìgbà tó rẹ àwọn méjèèjì, ìyá béèrè ohun kan.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ kò fẹ́ gan-an? Ṣé pínnì ni, àbí irin tí wọ́n fi ṣe é?"

"Irin ni, mà. Ohunkóhun tí òòfà yín bá lè gbé."

Ìyá dìde, ó wọ inú yàrá, ó gbé agolo bisikíìtì àtijọ́ kan jáde. Ó da gbogbo ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ: bọ́tìnnì, ìkọ́, pínnì oríṣiríṣi, ojú abẹ́rẹ́ tó ti ṣẹ́. Ó gbé òòfà gba orí wọn kọjá. Pínnì fò, ìkọ́ fò, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún gbé e kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó ṣe tán, bọ́tìnnì ló kù nílẹ̀, àti pínnì kan ṣoṣo láàárín wọn tí kò mira, tó pọ́n ròrò, àmọ́ tó ti dúdú díẹ̀ lójú. Ìyá fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó sì mọ̀ ọ́n.

"Idẹ ni," ó ní. "Òun ni mo há nígbà tí mo lóyún Gbémiga."

Ìbídùnní gbé e sún mọ́ kọ́ńpáàsì. Ojú kọ́ńpáàsì kò yẹsẹ̀. Ó wò ó títí, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu, ìyá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí wọ́n ń rín. Ìyá fúnra rẹ̀ ló há a mọ́ ọn láyà, ní gbangba báyìí, kò fi í pamọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ìbídùnní fi ẹ̀rọ wọn pínnì idẹ náà kó tó gbé e wọlé. Kò sí nǹkan kan. Kóòtù, tó ti fẹ̀ dáadáa báyìí, kò wọ yàrá mọ́ tí wọ́n bá ti bọ́ ọ. Ìta ló ń sùn, lórí àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ bẹ́líìtì. Ó gbé àlùbọ́sà tuntun sórí ife omi, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì. Ní Tọ́sìdeè ó gé gbòǹgbò. Joy lẹ nọ́ńbà mọ́ gíláàsì, ó kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sórí ìwé, ó ká ìwé náà, ó fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pa mọ́. Láti àárọ̀ Fúráìdeè ni Ìbídùnní ti ń kà. Ó rí i pé àwọn gíláàsì kan pọ̀, àwọn kan kéré, àmọ́ kò mọ ti ta ni. Ó lè jẹ́ pé ọ̀tún ló pọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n dàpọ̀ mọ́ra ni, tí gbogbo rẹ̀ á sì tún padà di òfo. Ó kọ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, ó pa ìwé dé.

Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèníyì. Ó tú ìwé Joy, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìbídùnní, ó ń fi bírò tọ́ka láti èyí sí ìyẹn, ó ń ṣírò. Ó padà sókè, ó tún un ṣírò. Ìbídùnní ń wo ẹnu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí idẹ tó wà láyà rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Ọ̀tún," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, "mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Òsì, márùndínláàádọ́rùn-ún."

Joy dì mọ́ ọn. Omi bọ́ lójú Ìbídùnní, kò sì nù ún. Ojú rẹ̀ kò purọ́ fún un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí lo yí padà?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pínnì, kóòtù, èèkàn, ìyá ọkọ, kò fi ẹyọ kan pa mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lójijì ló tún wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

"Dúró ná. Pínnì kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ pé òun lóòótọ́ ló dá sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí padà sí ipò wọn, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń gbọ́ kéré ju ohun tí a rò lọ."

"A ò tí ì mọ̀, sà. Ó lè má jẹ́ òun. A ní láti dán an wò."

Ìdáhùn yìí dùn mọ́ ọn nínú ju nọ́ńbà lọ, ó hàn lójú rẹ̀. "Mú pínnì náà wá. Kí o sì kọ ọ́ síwèé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, àti ìyá ọkọ àti gbogbo ẹ̀. Omi kànga lè dúró de ẹlòmíràn."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìbídùnní mú fóònù rẹ̀ nínú abọ́, ó pe Oǹdó. Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lábẹ́ ohùn ìyá.

"Màmá, ó ti yọjú."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. "Kí ló yọjú? Oṣù mẹ́fà ni o. Níbo lo wà?"

"Kì í ṣe ọmọ, mà. Àlùbọ́sà ni. Iṣẹ́ mi ló yọjú."

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún tàlùbọ́sà, ó tún dúpẹ́ pé kì í ṣe ọmọ. Ìbídùnní wá sọ fún un pé ọ̀gá òun ń béèrè pínnì onírin ọjọ́sí, èyí tó wà nínú etí kóòtù. Wọ́n fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, kí wọ́n mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló ń bá sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́mìí sọ̀rọ̀.

Ìbídùnní gbọ́ ìró pínnì bó ṣe ń já kúrò lára òòfà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ṣe ń wá ẹyọ kan láàárín wọn.

"Mo ti rí i," ìyá wí nígbẹ̀yìn. "Sọ fún ọ̀gá rẹ pé mo fi yá a ni. Tó bá di oṣù kìíní, kó dá a padà. Nápí la ó fi há."

"Màá sọ fún un, mà," Ìbídùnní dáhùn.